Ọmọ Ìgbájọ Nínú Ẹgbẹ́ Tuntun: Kí Ni Tèmítọ́pẹ́ Fágbénlé Mú Dání?

   Ẹ̀yin ará Ìgbájọ, ọmọ yín ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lálẹ́ òní.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n obìnrin kan tí kò tíì gbá eré kan ṣoṣo rí, Golden State Valkyries ti ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, mú Tèmítọ́pẹ́ Fágbénlé kúrò lọ́dọ̀ Indiana Fever. Tèmi ni gbogbo ayé ń pè é. Ìlú Baltimore ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1992, Lọ́ńdọ̀nù ló ti dàgbà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Olóyè Túndé Fágbénlé, akọ̀ròyìn tí ọ̀pọ̀ yín ti ka ohun tó kọ sínú ìwé ìròyìn Punch, ọmọ Ìgbájọ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, O-T Fágbénlé, ni òṣèré tí ẹ ń rí nínú fíìmù àwọn òyìnbó. Ìgbájọ yìí náà ni, létí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Tèmi, ọ̀rọ̀ ará ilé là ń sọ.

Kò sí owó tó ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìṣípò náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹgbẹ́ 12 ló wà nínú WNBA, ìdíje àwọn obìnrin Amẹ́ríkà, nígbà náà, Valkyries sì ni yóò di ìkẹtàlá. Kí ẹgbẹ́ tuntun lè rí ènìyàn lò, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 12 náà kọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù 6 tí kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Nínú àwọn tó kù, ẹgbẹ́ tuntun lè mú ẹyọ kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Agbábọ́ọ̀lù 11 ni Valkyries mú lọ́jọ́ náà. Indiana kò fi Tèmi sínú àwọn 6 tó ṣe iyebíye lójú wọn, ni Valkyries bá ní àwọn fẹ́ ẹ.

Ìbéèrè tí mo gbé wá lálẹ́ òní nìyí: bí agbábọ́ọ̀lù bá fi ilé kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, báwo ni a ṣe ń mọ ohun tó mú dání àti ohun tí kò mú dání? Mo gbà pé ọ̀pọ̀ wa ń díwọ̀n rẹ̀ lọ́nà tí kò tọ́. Àmì tó gbà nínú eré la máa ń kà. A ó ní, "Mélòó ló jù sáwọ̀n?" Bí wọ́n bá ní 20, a ó pàtẹ́wọ́. Bí wọ́n bá ní 6, a ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló tí wọ́n ń ru aṣọ kiri láti Iléṣà kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé aṣọ fún ẹnìkan láwìn, kì í ṣe ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ilé tó ti jáde wá, wọ́n ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń bi ara wọn bóyá yóò wà ní ìlú lọ́jọ́ tí owó bá pé. Irú ojú yẹn gan-an ni ó yẹ kí a fi wo agbábọ́ọ̀lù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹgbẹ́ padà. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀? Àìní wo ló wà nínú ilé tó ń lọ? Ṣé ara rẹ̀ yóò gbà á títí sáà yóò fi parí?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ kí a tó padà sọ́dọ̀ Tèmi. Ní oṣù Keje ọdún 2017, nínú ìdíje NBA ti àwọn ọkùnrin, Oklahoma City fi Victor Ọládípọ̀ àti Domantas Sabonis gba Paul George lọ́wọ́ Indiana Pacers. Ariwo ta káàkiri Amẹ́ríkà pé wọ́n ti rẹ́ Indiana jẹ. Wọ́n ní Paul George jẹ́ ìràwọ̀, wọ́n ní Ọládípọ̀ kò ju ẹni tó ń gba àmì 15.9 nínú eré kan lọ. Òótọ́ ni iye àmì yẹn. Ohun tí wọn kò kà ni pé ní Oklahoma, Russell Westbrook ló ń mú bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà, tí Ọládípọ̀ sì ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n tó rántí ju bọ́ọ̀lù sí i. Indiana gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Láàárín sáà kan, àmì 15.9 di 23.1, òun ló já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ alátakò jù lọ nínú gbogbo ìdíje náà, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó tẹ̀síwájú jù lọ́dún 2018. Ọwọ́ kan náà ni, ẹsẹ̀ kan náà ni. Ilé ló yàtọ̀. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2019, iṣan òkè orókún rẹ̀ já lórí pápá. Lọ́dún 2021 tí Houston gbà á, tí Houston tún fi í ránṣẹ́ sí Miami láàárín oṣù díẹ̀, orúkọ náà kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gbà kì í ṣe ti ọdún 2018 mọ́.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ Ìgbájọ.

Ní sáà 2024 tó lò ní Indiana, àmì tí Tèmi ń gbà nínú eré kan lé díẹ̀ ní 6. Bí ẹnìkan bá gbé ìwé ìṣirò kalẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀, yóò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe. Caitlin Clark, akẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tí gbogbo Amẹ́ríkà ń tìtorí rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà, ń mú bọ́ọ̀lù bọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò fẹ́ kó rí àyè mí. Tèmi á kúrò ní abẹ́ àwọ̀n, á sáré wá sí òkè, á dúró gbọin sí ọ̀nà ẹni tó ń ṣọ́ Clark. Ẹni yẹn á kọlu Tèmi. Ẹsẹ̀ kan péré ni Clark nílò, ó ti bọ́. Wàyí o, ẹni tó ń ṣọ́ Tèmi gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu kíákíá. Bó bá sáré lọ dí Clark, Tèmi á yí ẹ̀yìn padà, á forí lé abẹ́ àwọ̀n, bọ́ọ̀lù á sì bá a níbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bó bá dúró ti Tèmi, Clark á jù ú láti òkèèrè. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì fún alátakò.

Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ẹni tó ga, Tèmi sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 4. Ṣùgbọ́n gíga nìkan kò tó. Ó ń fẹ́ ẹsẹ̀ tó yá, nítorí ẹni tó bá fara dínà tán tí kò lè sáré débi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Ó ń fẹ́ ọwọ́ tó lè gba bọ́ọ̀lù líle lórí eré. Tèmi ní méjèèjì. Ní tèmi o, eré sísá rẹ̀ ni mo kà sí ohun tó níye lórí jù lára rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti gba bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìn, òun obìnrin gíga yìí ti wà lọ́nà iwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ga bíi tirẹ̀ ṣì ń rìn bọ̀ ní àárín pápá nígbà tí òun ti dúró sí abẹ́ àwọ̀n tó ń na ọwọ́. Irú àmì tó bá ti ibẹ̀ wá, a kì í pariwo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń já alátakò láyà.

Ẹ tún wo bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára irin. Bọ́ọ̀lù wọ̀nyí kì í ṣe ti ẹni tó ga jù nìkan. Ti ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ ibi tí wọn yóò bọ́ sí ni, tó sì ti fi ìdí àti èjìká gba àyè kí bọ́ọ̀lù tó sọ̀ kalẹ̀. Tèmi ń mú tó 5 nínú eré kan, tàbí kó kù díẹ̀, láìsí pé ó ń pẹ́ púpọ̀ lórí pápá. Ní ti ìdènà, ó lè jáde wá síta láti dojú kọ àwọn kéékèèké tó yára ju òun lọ, kó má sì tètè dẹni tí wọ́n fi sílẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì lóde òní, nítorí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń wá bí yóò ṣe fa ẹni gíga kúrò ní abẹ́ àwọ̀n wá síta kó lè fi ẹsẹ̀ yíyá borí rẹ̀.

Ibo ló ti kọ́ gbogbo èyí? Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbọ́ wa fetí sí apá yìí. Tèmi lọ sí Yunifásítì Harvard, ó sì kàwé níbẹ̀ kó tó kọjá sí Yunifásítì Southern California lọ gba oyè kejì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú àwọn ọmọ tuntun wọ WNBA lọ́dún 2016, ẹni 34 ni wọ́n ti mú kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀. Ìkárùndínlógójì! Minnesota Lynx ló mú un. Àwọn Lynx ìgbà náà ni Maya Moore àti Seimone Augustus wà nínú wọn, Sylvia Fowles ló sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ́ àwọ̀n tí Tèmi ń kọ́. Ó jókòó, ó ń wò, ó ń gbá ìwọ̀n tí wọ́n bá fún un, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún 2017. Lẹ́yìn náà ó gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Póláńdì àti ní ibòmíràn ní Yúróòpù. Lọ́dún 2019, orílẹ̀-èdè Bìrìtìkó ṣe ipò kẹrin nínú ìdíje àwọn obìnrin Yúróòpù, ó sì wà lára àwọn opómúléró wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, òun àti London Lions gba ife EuroCup. Kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Bìrìtìkó kankan tó ti gba irú ife bẹ́ẹ̀ rí nínú bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Láti ibẹ̀ ló ti kọjá sí Indiana.

Nítorí náà, nígbà tí Valkyries mú un, ẹni tí ó ti gbọ́ ohùn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ilẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n mú. Fún ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ àjèjì sí ara wọn, ẹni tó mọ bí a ṣe ń wọ ilé tuntun láìdá ìjà sílẹ̀ ṣe kókó. Obìnrin tó ṣe àṣàyàn náà, Ohemaa Nyanin, ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ náà, ọmọ ilẹ̀ Gánà ní ti ìran. Inú mi dùn gidigidi nígbà tí mo rí i pé ọmọ ilẹ̀ Gánà ló ń yan ọmọ Ọ̀ṣun síṣẹ́ ní San Francisco, ní ojúkojú ayé, lórí ẹ̀tọ́ àti ìmọ̀.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ kejì, a kò sì ní fi bò. Àbùkù àkọ́kọ́ ni pé Tèmi kì í sábà ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Abẹ́ àwọ̀n ni oko rẹ̀. Lóde òní, akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ kí ẹni gíga náà lè dúró sí ẹ̀yìn ìlà àmì 3, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lè tẹ̀ lé e jáde, kí àyè sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn yòókù láti wọlé. Bí alátakò bá mọ̀ pé ẹni kan kò ní jù ú láti ibẹ̀, wọn yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò sì lọ kún abẹ́ àwọ̀n fọ́fọ́. Natalie Nakase, akọ́nimọ̀ọ́gbá Valkyries, fẹ́ràn kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè púpọ̀. Ibí yìí gan-an ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ yóò ti le.

Gíga rẹ̀ tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, bó bá kan àwọn òmìrán gidi, kò tó. Brittney Griner ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 9. Bí irú wọn bá ti gba bọ́ọ̀lù ní ìtòsí àwọ̀n, ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 4 yóò fi ara tì títí, yóò fò títí, bọ́ọ̀lù náà yóò ṣì kọjá lórí ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó kù fún un ni kó má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù débẹ̀, ìyẹn sì máa ń fa fáwùlù.

Ọjọ́ orí ńkọ́? Ọmọ ọdún 32 ni nígbà tí wọ́n mú un. Ìpalára sì ti mú kó pàdánù àwọn eré kan ní Indiana lọ́dún 2024. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ yóò rántí Hakeem Ọlájuwọ́n tiwa. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2001, lẹ́yìn sáà 17, Houston Rockets fi í ránṣẹ́ sí Toronto Raptors. Ẹ̀tọ́ láti mú àwọn ọmọ tuntun nìkan ni wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ọkùnrin tó gba ife ẹ̀yẹ NBA lọ́dún 1994 àti 1995, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù alátakò dànù lẹ́nu àwọ̀n nígbà 3,830, tí kò sí ẹni tó tíì tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn NBA! Toronto nílò ẹni tí yóò dúró ní abẹ́ àwọ̀n ti Vince Carter. Lójú ẹni tó ń wo orúkọ, òwò ńlá ni. Ọmọ ọdún 38 ni Ọlájuwọ́n, ẹ̀jẹ̀ dídì ti mú un lẹ́sẹ̀ lọ́dún náà kan náà, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ó gbá eré 61 fún Toronto, ó ń gba àmì 7.1, ó ń mú bọ́ọ̀lù 6 tó ta padà. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò lọ. Ìmọ̀ ẹsẹ̀ tí gbogbo àgbáyé ń kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lọ. Egungun ló ní ó tó.

Tèmi kò tíì dé ibi tí Ọlájuwọ́n dé lọ́dún 2001, kò sì tíì rù tó ẹrù tí Ọlájuwọ́n rù, nítorí iṣẹ́jú tó ń gbá nínú eré kan kéré sí ti ìràwọ̀. Ìyẹn ń dá ara sí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń gba agbára lára rẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ní: ìdíje orílẹ̀-èdè láàárín sáà. Eré WNBA máa ń wáyé láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá. Láàárín ìgbà náà ni ìdíje àwọn obìnrin Yúróòpù máa ń bọ́ sí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Tèmi fi Valkyries sílẹ̀ láàárín sáà lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Bìrìtìkó, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan náà sì lọ fún orílẹ̀-èdè tiwọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá gba irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan yóò wà tí kò ní rí i lò.

Ọ̀rọ̀ Bìrìtìkó yìí, ó ń dun èmi náà. Nígbà Olíńpíìkì 2012 ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún 19 péré ni Tèmi nígbà tó wọ aṣọ Bìrìtìkó. Ẹni tó bá ti gbá ìdíje àgbà fún orílẹ̀-èdè kan, ó ṣòro púpọ̀ fún un láti yí padà sí òmíràn lábẹ́ òfin FIBA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n lágbàáyé. Mi ò dá a lẹ́bi. Lọ́ńdọ̀nù ló tọ́ ọ, Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí D'Tigress wa, ẹgbẹ́ obìnrin Nàìjíríà, ti ṣe láìsí i: ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, tẹ̀léra-tẹ̀léra. Ní Olíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, wọ́n wọ ìpele ẹgbẹ́ 8 tó gbẹ̀yìn. Kò sí ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó ti ṣe irú rẹ̀ rí nínú bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n Olíńpíìkì. Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró, 88 sí 74. Mo máa ń ronú nípa obìnrin gíga tó yára yẹn lábẹ́ àwọ̀n wa lọ́jọ́ náà.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní San Francisco? Ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Valkyries gbá eré àkọ́kọ́, Los Angeles Sparks sì nà wọ́n 84 sí 67 nílé wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ní ẹgbẹ́ tuntun náà ni yóò wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n parí sáà pẹ̀lú ìjáwé olúborí 23, wọ́n pàdánù 21, wọ́n sì di ẹgbẹ́ tuntun àkọ́kọ́ nínú ìtàn WNBA tó wọ ìpele ìyọkúrò tó ń tẹ̀ lé sáà lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀. Nakase gba àmì ẹ̀yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù. Veronica Burton, ẹni tí Connecticut kò fi pamọ́, gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tó tẹ̀síwájú jù. Gbogbo eré tí wọ́n gbá nínú Chase Center lásìkò náà ni èrò kún, 18,064 nínú eré kọ̀ọ̀kan.

Ìdènà ni wọ́n fi ṣe é. Ibẹ̀ ni Tèmi ti wúlò jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà pàápàá, wọn kò ní ẹni gíga púpọ̀, òun ni wọ́n sì máa ń gbé kalẹ̀ ní àárín nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù ń ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, òun ń fara dínà fún wọn, ó ń sáré wọ abẹ́ àwọ̀n, ó ń gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá tàsé. Ohun tí mo bẹ̀rù, pé àìlèjù láti òkèèrè rẹ̀ yóò di abẹ́ àwọ̀n pa, ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá pàdé ẹgbẹ́ tó ní òmìrán. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Nakase á mú un jókòó, á fi ẹni tó kéré jù ú lọ tó lè jù ú láti òkèèrè rọ́pò rẹ̀. 

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gírámà wa, ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ìkìrun, ẹ ní ọmọ bíi Tèmi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì yín tó ga ju gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ lọ, tó ń tẹ èjìká nítorí pé wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má kọ́kọ́ bi í bóyá ó lè ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ẹ jẹ́ kó sáré láti ìpẹ̀kun pápá dé ìpẹ̀kun kejì, kí ẹ sì wo bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ẹ ju bọ́ọ̀lù sí i lórí eré, kí ẹ wo bóyá ọwọ́ rẹ̀ yóò dì í mú. Ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró kí ẹlòmíràn lè ráyè. Ohun tó gbé ọmọ Ìgbájọ dé San Francisco nìyẹn, kò sì ná owó. Bọ́ọ̀lù kan, irin kan, àti àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń wò ti tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìpele ìyọkúrò náà: ta ni Valkyries bá pàdé? Minnesota Lynx ni, ilé tí Tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Lynx nà wọ́n 101 sí 72 ní eré àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án, àwọn Valkyries kò lè lo Chase Center nítorí ìdíje tẹ́nìsì tó wà níbẹ̀, wọ́n kó èrò wọn lọ sí ìlú San Jose. Wọ́n fi àmì 17 ṣíwájú. Lynx lé wọn bá díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di 75 sí 74, eré sì parí síbẹ̀. Àmì ẹyọ kan péré ló kù kí ẹgbẹ́ tí wọ́n fi àwọn ẹni àìfipamọ́ kọ́ tó fa eré náà dé ọjọ́ kẹta pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó gba ìjáwé olúborí jù lọ lọ́dún náà.

Bí wọ́n bá tún ń fi eré wọn ti ọdún 2025 hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá ẹni tó wọ aṣọ tí nọ́ńbà 14 wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa wo òun nìkan. Ẹ ó rí i pé ó ti sáré dé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ kí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù náà tó gbójú sókè.